Apín Ní Í Mú Ìkẹyìn

Bí o bá bi Ìyá Aṣọ́lé léèrè ẹni tó da ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, kò ní jẹ́ kí o parí ìbéèrè kó tó na ìka sí àyà ara rẹ̀. Òun ni. Tàbí ká kúkú sọ pé ìdí rẹ̀ ni. Ìdí yẹn gan-an, tó fẹ̀ bí ìrọ̀rí ìjòyè, tó sì ti dí ojú ilé fún Ìdànrè láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ lórí yìnyín, òun náà ló pàpà wá kó ìtìjú bá ìlú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju báyìí lọ. Ìdíje tó kẹ́yìn ọdún nínú eré ọ̀pá orí yìnyín ni, Ìdànrè ń bá Ìgbẹ́tì wàákò, ọ̀mì lásán sì ti tó láti gbé Ìdànrè kúrò nísàlẹ̀ tábìlì líìgì. Mọ́rẹ́nikẹ́, ọmọ ọmọ rẹ̀, na ọ̀pá sí rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ta eré náà, ó gbá a. Ìyá Aṣọ́lé, tó ti di kóòṣì wọn, rí i pé yóò wọlé. Kò dúró kó wọlé. Ó gbàgbé pé orúnkún òun ti ń ké bí ìlẹ̀kùn àtijọ́, ó gbàgbé pé sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ òun, ó gun odi kúkúrú kọjá, ó bọ́ sórí yìnyín, ó bẹ̀rẹ̀ ijó. Ijó náà kò dé ibì kankan. Ẹsẹ̀ méjèèjì wo òrùlé, ìdí wo ilẹ̀, gbà-à! Ìyá ń yọ̀ lọ bí ẹja tó bọ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́ja, títí tó fi gbá rẹfirí lẹ́sẹ̀, tí àwọn méjèèjì dì mọ́ra bí ọkọ àti ìyàwó.

Rọ́bà kò tíì kọjá ìlà nígbà náà. Òfin ni pé ẹni tí kò wọ bàtà onírin kò gbọdọ̀ tẹ yìnyín nígbà tí eré ń lọ. Wọ́n fagi lé góòlù, wọ́n fún Ìgbẹ́tì ní pẹnáríti, Ìgbẹ́tì jẹ ẹ́. Bí Ìdànrè ṣe di ìkẹyìn nìyẹn, bí Ìyá Aṣọ́lé sì ṣe di apín, ẹni tí yóò pín agbábọ́ọ̀lù fún ìlú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi ń rọra gòkè àtẹ̀gùn Ilé Òṣùwọ̀n ní Ìwó lónìí, tí Mọ́rẹ́nikẹ́ ń gbé ìrọ̀rí tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ìwó ni wọ́n kọ́ ilé náà sí nítorí pé Ìwó kò ní òkè, kò ní yìnyín, kò sì ní ẹgbẹ́ nínú líìgì. Ẹni tí kò lẹ́ran nínú ìkòkò kì í jà sí ọbẹ̀. Oòrùn ta lójú títì tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹsẹ̀ ènìyàn kan níta, àfi àwọn ẹ̀rọ agbálẹ̀ tó ń fà kiri nínú òjìji.

"Màmá," Mọ́rẹ́nikẹ́ sọ nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, "mo fẹ́ bẹ̀ yín."

"Bó bá jẹ́ pé kí n má jó mọ́ ni, gbogbo ìlú ti bẹ̀ mí."

"Ẹ yà mí kúrò lọ́dọ̀ Ṣijú."

Ìyá Aṣọ́lé dúró. Ó yí ojú padà, ìbàdí rẹ̀ sì ta á bó ṣe yí i. "Ta ni? Ṣijúwadé tiwa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ẹ jà ni?"

"A ò jà."

"Ọkùnrin ni ẹ jọ ń wò?"

"Màmá!"

"Èmi náà ti ṣe ọmọge rí, má pariwo mọ́ mi. Bí kì í bá ṣe ìjà, tí kì í ṣe ọkùnrin, kí ló wá ku?"

Mọ́rẹ́nikẹ́ gbé ìrọ̀rí náà mọ́ àyà. "Láti ìgbà tí a ti ń fi àpò ìrẹsì òfìfo yọ̀ kiri láàárín tòmátì nínú ilé òtútù, kò sí góòlù tí mo jẹ tí kì í ṣe òun ló fi rọ́bà ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ mọ ohun tí mo jẹ́ bí kò bá sí níbẹ̀. Òun náà fẹ́ mọ̀. A ti jọ sọ ọ́."

"Bí ẹ bá wá mọ̀ ọ́n, tí ohun tí ẹ mọ̀ kò sì dùn mọ́ yín ńkọ́?"

"A ó ti mọ̀ náà nìyẹn, Màmá."

Ìyá Aṣọ́lé wò ó. Ọmọ yìí jọ bàbá rẹ̀, ẹni tó tú rédíò ilé palẹ̀ nígbà kékeré rẹ̀ kó lè mọ ibi tí ọ̀gbẹ́ni tó ń ka ìròyìn sá pamọ́ sí. "Gbọ́ mi," ó sọ ní ohùn jẹ́jẹ́. "Bí a bá tún gbẹ̀yìn lọ́dún tó ń bọ̀, ìgbìmọ̀ líìgì á wá tú ẹ̀rọ òtútù wa, wọn á gbé e lọ sí Òkè-Ìmẹ̀sí. Àwọn ará ibẹ̀ ti ń tò dúró dè é. Iṣu gbogbo ìlú wà lábẹ́ yìnyín yẹn. Àwọn abiyamọ tó ń tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ odi lọ́sàn-án nítorí ooru, níbo ni wọ́n máa kó ọmọ gbà?"

"Mo mọ̀, Màmá."

"O mọ̀, o sì ń sọ pé kí n ya ìwọ àti Ṣijú."

"Ẹ bi mí ni. Mo dáhùn." Ó na ìrọ̀rí náà sí i, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù kankan kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà yẹn.

Nínú yàrá, àwọn kóòṣì márùn-ún yòókù ti jókòó yí tábìlì ká. Igi ìrókò àtijọ́ ni tábìlì náà, wọ́n sì gbẹ́ ihò ńlá mẹ́fà sí i lára bí ọpọ́n ayò. Ní àárín ni rọ́bà gbogbo agbábọ́ọ̀lù líìgì wà ní òkìtì kan, orúkọ olúkúlùkù lára tirẹ̀. Bí agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ṣe gbayì tó nínú ọdún ni ẹ̀rọ Òṣùwọ̀n ń rọ òjé sínú rọ́bà rẹ̀. Bó o bá gbé rọ́bà akọni, apá rẹ á wálẹ̀. Bó o bá gbé ti ọ̀lẹ, o lè fi fẹ́ iná.

"Ìyàwó mi dé!" Ṣówándé ló kígbe, kóòṣì Abẹ́òkúta, àgbà ọkùnrin gíga tí eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ṣí lọ lórí yìnyín kí irun rẹ̀ tó funfun. "Ìyàwó mi àti ìrọ̀rí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bá wọn gbé e. Ṣé ìdí náà ti ń san?"

"Ó ń san ju orí rẹ lọ," ni Ìyá Aṣọ́lé fún un lésì. Ó gbé ìrọ̀rí lé àga, ó rọra fi ara lé e. "Ìwọ Ṣówándé, inú rẹ dùn, àbí? Bí o ṣe gbé ife tán náà lo fẹ́ gbé ìyàwó oníyàwó."

"Ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe é, Ìyá. Ta ló ní kí ẹ máa sọ ìtàn nípàdé?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ni. Ní ọdún tó kọjá, ìgbìmọ̀ ń wá ohun tí yóò gba líìgì là. Tẹ́lẹ̀, ìlú tó lówó ló ń kó gbogbo akọni jọ: Abẹ́òkúta ń gbé ife lọ́dọọdún títí tí àwọn èrò fi sọ pé àwọn ti mọ bí yóò ṣe parí, tí wọ́n sì ń sùn. Wọ́n gbé ìpín fún Òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n pín in gún régé bí irun àgbàdo. Ni gbogbo ìdíje bá di ọ̀mì, òdo sí òdo, àwọn èrò tún sùn, wọ́n tún ń hanrun. Ìyá Aṣọ́lé wá fi ṣe ẹ̀fẹ̀, ó ní nílé bàbá òun, bí wọ́n bá pa àgbò, àbíkẹ́yìn ni wọ́n máa ń fún lọ́bẹ. Àbíkẹ́yìn á pín in sí òkìtì òkìtì, àgbà á kọ́kọ́ mú, èyí tó tẹ̀lé e á mú, àbíkẹ́yìn á mú èyí tó kù. Ó ní kò sí òṣùwọ̀n tó mú ọwọ́ ọmọdé gún tó mímọ̀ pé òun lòun máa jẹ ìyókù. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, wọ́n sọ ọ́ di òfin. Ọdún yìí ni ìgbà àkọ́kọ́, òun sì ni àbíkẹ́yìn.

Akọ̀wé ìgbìmọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Bámigbádé, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin sẹ́nu, dìde. "Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìkàlẹ̀. Apín yóò pín in sí mẹ́fà. Bí Òṣùwọ̀n bá ní ó dọ́gba, apín yóò kó ọwọ́ sẹ́yìn, kò sì ní fọhùn mọ́ títí gbogbo ènìyàn yóò fi mú. Ohun kan ṣoṣo ló lè sọ: 'Mo ṣì í pín.' Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, a ó da gbogbo rẹ̀ pọ̀, Òṣùwọ̀n ni yóò tún un pín, apín kò sì ní wọ ilé yìnyín kankan fún ọdún kan gbáko, ì báà jẹ́ láti gba atẹ́gùn."

"Ọdún kan nínú ooru yìí?" kóòṣì Ṣakí bèèrè. "Ẹ kúkú ní kí wọ́n sè é."

"Kò sí ẹni tí yóò sọ ọ́," ni Bámigbádé wí.

"Ẹ kú àbọ̀, Màmá," ohùn kan sọ láti inú tábìlì. Òṣùwọ̀n ni. Ohùn ọ̀dọ́ ni wọ́n fún un, ohùn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tí kò sì fẹ́ kí nǹkan kan fo òun ru. "Inú mi dùn láti wo bí ẹ ṣe ń ṣe é. Mi ò tíì rí ọwọ́ ènìyàn níbi ìpín rí."

Ìyá Aṣọ́lé bẹ̀rẹ̀. Ó ń gbé rọ́bà kọ̀ọ̀kan sókè, ó ń fi sọ́wọ́ wò, ó ń sọ ọ́ sí ihò.  Ó gbé rọ́bà Mọ́rẹ́nikẹ́, ó sì fúyẹ́. Ó gbé ti Ṣijúwadé, ìyẹn tún fúyẹ́ jù ú lọ.

Ohun tí Òṣùwọ̀n kò rí nìyí. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ni ó ń wò. Ṣijú a máa gbá rọ́bà sí ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni, Mọ́rẹ́nikẹ́ á sì ti yọ síbẹ̀ kí ojú tó ṣẹ́. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀kan ń ju rọ́bà nù, èkejì sì ń ṣe oríire. Ṣijú fi ọwọ́ tó ṣẹ́ jókòó sílé fún ọ̀pọ̀ nínú ọdún, àmọ́ láti ìgbà tó ti padà, Ìdànrè kò fìdí rẹmi mọ́, àfi lọ́jọ́ tí ìdí fúnra rẹ̀ rẹmi. Bí wọ́n bá wà pa pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kò sí ẹni tó máa tú ẹ̀rọ òtútù Ìdànrè.

*Ẹ yà mí kúrò lọ́dọ̀ Ṣijú.*

Ó mú rọ́bà Mọ́rẹ́nikẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tún, ó mú ti Ṣijú lọ́wọ́ òsì. Ó nawọ́ òsì sí ihò kejì. Ó dá a dúró. Ó rántí ọmọ oṣù mélòó kan tí ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lọ́dún kan, tí wọ́n sáré gbé wọ ilé yìnyín, tí wọ́n tẹ́ sórí tìmùtìmù ìbòsẹ̀ aṣọ́lé. Ó rántí bí ọmọ náà ṣe sín.

Ó sọ rọ́bà méjèèjì sí ihò kẹfà.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹ̀gbin lé wọn lórí. Ó fi aṣọ́lé Ṣakí tó máa ń dijú bí rọ́bà bá ń bọ̀ síbẹ̀. Ó fi ọmọkùnrin Èfọ̀n kan tó ń gbàgbé apá ibi tí òun ń gbá sí kún un. Kí ìwọ̀n lè pé, ó fi àgbà adènà kan lé e lórí, ẹni tí òjé rẹ̀ ti pọ̀ láti ìgbà pípẹ́, àmọ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó ń sùn lórí ìdúró. Nígbà tó ṣe tán, òkìtì kẹfà rí bí oúnjẹ tí wọ́n gbàgbé síta. Ajá kò ní dúró gbóòórùn rẹ̀.

Iná aláwọ̀ ewé tàn létí ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

"Ó dọ́gba, Màmá," Òṣùwọ̀n sọ. "Ó yà mí lẹ́nu. Ó dọ́gba gan-an."

Ìyá Aṣọ́lé kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, ni àwọn àgbà máa ń wí. Ó ṣe é bí ẹni pé èèkù tòun ti gbẹ́.

"Abẹ́òkúta ló gba ife," Bámigbádé kéde. "Abẹ́òkúta ni àgbà. Ẹ mú, Alàgbà."

Ṣówándé dìde. Gbogbo wọn rò pé yóò tẹ orí wo àwọn òkìtì náà, kó máa gbé wọn wò, kó máa ka orúkọ. Kò wo tábìlì rárá. Ó na ọwọ́ rẹ̀ gígùn jáde, ó ń rọra gbé e kọjá lórí ihò kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń yá iná, ojú rẹ̀ sì wà lára Ìyá Aṣọ́lé, nísàlẹ̀, níbi tí ìró rẹ̀ ti pàdé orúnkún.

Ìyá Aṣọ́lé ṣe ojú rẹ̀ bí ògiri. Ihò kìíní. Ó rọra ń mí. Ihò kejì. Ìkẹta. Ó tilẹ̀ yán. Ìkẹrin, ìkarùn-ún. Ọwọ́ dé orí ìkẹfà.

"Háà," Ṣówándé sọ.

Ọwọ́ padà sí ìkarùn-ún. Ọwọ́ tún lọ sí ìkẹfà.

"Háà-à!" Ó rẹ́rìn-ín tó fi hàn pé eyín méjì kò sí. "Ìyá Aṣọ́lé, láti ìgbà wo ni mo ti ń gbá rọ́bà sí yín? Ìgbà tí ìyàwó mi kò tíì mọ̀ mí. Ojú yín kò sọ nǹkan kan rí, kò sí ẹni tó ń ka ojú yín. Àmọ́ níbi tí ẹ̀rù bá ti ń bà yín, orúnkún òsì yín á wọlé, gìgísẹ̀ á gbéra. Ẹ wo ilẹ̀."

Gbogbo ènìyàn wo ilẹ̀. Òun náà wò ó. Orúnkún òsì ti tẹ̀ wọlé, gìgísẹ̀ ti gbéra kúrò ní ilẹ̀, ẹsẹ̀ ìyá arúgbó náà ti pa ojú ilé dé níwájú ihò kẹfà bí ìgbà tó wà lọ́mọge. Kò mọ ìgbà tó ṣe é.

"Mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀," ni Ṣówándé wí, "àmọ́ Abẹ́òkúta mú ìkẹfà."

Ó fa òkìtì náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Aṣọ́lé tó rántí ìparí ìtàn ilé bàbá rẹ̀, èyí tí kò sọ nípàdé nítorí ẹ̀rín ò jẹ́ kó dé ibẹ̀. Ní ọdún kan, àbúrò rẹ̀ Akínlàjà fi ìfun bo kíndìnrín méjèèjì mọ́lẹ̀. Bàbá wọn, tí kì í jẹ ìfun, wo ojú Akínlàjà, ó sì mú ìfun.

Kóòṣì Ìgbẹ́tì ti ń ti àga rẹ̀ sẹ́yìn láti mú tirẹ̀. Ìyá Aṣọ́lé wo rọ́bà méjì tó dùbúlẹ̀ lábẹ́ ìdọ̀tí níwájú Ṣówándé. Abẹ́òkúta yóò gbé ife. Yóò tún gbé e lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn èrò á máa sùn lórí ẹní wọn. Àwọn ọmọbìnrin méjì tó fẹ́ mọ ara wọn á wà níbi tí wọ́n wà, kìkì pé ibẹ̀ á jìnnà sílé. Ìdànrè á sì mú ìyókù nínú àwọn ìyókù tó dára, tó dọ́gba, tí kò ní lè fọwọ́ kan àwọn ọmọ méjèèjì yẹn. Òun ló sì pín in. Òun tó sọ pé ọwọ́ àbíkẹ́yìn máa ń gún!

Ẹ̀rín fẹ́ pa á. Ó mọ̀ pé kò yẹ, ó sì ń bọ̀, láti ìsàlẹ̀ ikùn, ẹ̀rín ẹni tó tún ti bọ́ sórí yìnyín pẹ̀lú sálúbàtà.

Ó dìde. Ìrọ̀rí dìde pẹ̀lú rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ìró, ó rọ̀ díẹ̀, kó tó jábọ́.

"Mo ṣì í pín," ó sọ.

Bámigbádé fi ẹyin ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. "Ẹ jókòó, Màmá! Iná ewé ló wà níbẹ̀!"

"Mo ní mo ṣì í pín. Mo fi kíndìnrín pamọ́ sábẹ́ ìfun." Ó na ọwọ́ sí iwájú Ṣówándé, ó yọ rọ́bà méjì, ó gbé wọn lé àárín tábìlì kí wọ́n fara kanra. "Òṣùwọ̀n, ọmọ mi, má wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wo àwọn méjèèjì. Gbogbo ibi tí o ti kọ ọ́ pé Ṣijúwadé ju rọ́bà nù, wo ẹni tó dé ibẹ̀ lẹ́yìn náà."

Ìmọ́lẹ̀ yọ lókè tábìlì. Yìnyín kékeré kan fara hàn, ó tó àwo, àwọn ènìyàn kéékèèké ń sáré lórí rẹ̀. Rọ́bà lọ sí ibi òfìfo. Ọmọbìnrin yọ, ó bá a níbẹ̀. Rọ́bà tún lọ sí òfìfo. Ó tún bá a níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan sí i.  Kóòṣì Ṣakí ti tẹ̀ síwájú tó bẹ́ẹ̀ tí irùngbọ̀n rẹ̀ wọnú ìmọ́lẹ̀.

"Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé àṣìṣe ni," Òṣùwọ̀n sọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Gbogbo rẹ̀. Ta ló sọ fún un pé èkejì ń bọ̀?"

"Kò sí ẹni tó sọ fún un. Orí àpò ìrẹsì ni wọ́n ti jọ dàgbà."

Iná pupa tàn. Ìró kan dún nínú igi, òjé ń wọ inú rọ́bà méjèèjì, tábìlì ìrókò sì dún kẹ́kẹ́ bí ẹni pé ó gba ẹrù. Bámigbádé ti ń da àwọn òkìtì pọ̀. Àwọn ọmọ náà yóò pínyà báyìí. Òṣùwọ̀n kò ní sọ irú ìwúwo bẹ́ẹ̀ sí ihò kan náà láéláé. Mọ́rẹ́nikẹ́ yóò mọ ohun tó fẹ́ mọ̀. Ilé yìnyín Ìdànrè, ọwọ́ ta ló máa wà?

"Ọdún kan níta," ni Ṣówándé sọ. Kò pè é ní ìyàwó mọ́. "Ìyá, ìwọ̀nba ìrọ̀rí yìí kọ́ lẹ máa nílò. Ẹ máa nílò abẹ̀bẹ̀."

"Màá máa fi ẹnu rẹ tó ṣí fẹ́ ara," Ìyá Aṣọ́lé sọ, ó sì tẹ̀ láti ṣa ìrọ̀rí rẹ̀ nílẹ̀. Ìbàdí ta á. Àwọn mélòó kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dìde fún un, èyí tí wọn kì í ṣe fún ìkẹyìn.

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ti di ọwọ́ ìlẹ̀kùn mú, tó ń gbọ́ ẹsẹ̀ Mọ́rẹ́nikẹ́ tó ń lọ tó ń bọ̀ ní òdìkejì, nígbà tí ohùn ọ̀dọ́ yẹn tún pè é láti inú igi.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ohun kan kù tí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, mo sì fẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa kí n tó tún un pín. Ká ní orúnkún yín kò tẹ̀, kí Alàgbà Ṣówándé sì mú òkìtì mìíràn, kí gbogbo wọn mú tán kí ìkẹfà kù fún yín, ṣé ẹ̀ bá dìde?"